HR kẹ́mò jáde ní 0.35 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ pánkíríásì: ṣé ó ṣeé gbà gbọ́?

Àdùkẹ́_dátà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n orí pápá yìí.

Dátà tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ti àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ pánkíríásì fún ní ilé-ìwòsàn kan nílùú Ọba. Wọ́n tó 200, nǹkan bí 140 nínú wọn ló sì ti kú. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni mo fi ṣe ọjọ́ òdo. Ikú ni event (ohun tí a ń dúró dè), ohun yòówù kó fà á. R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, package survival.

Ohun tí mo kó sínú mọ́dẹ́ẹ̀lì Cox (èyí tó ń wọn bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń bá ewu ikú rìn) nìyí: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, T (bí kókó náà ṣe tóbi tàbí tàn tó, ìpele 3), N (bóyá jẹjẹrẹ ti dé lymph node, ìpele 3), etí ibi tí wọ́n gé (R0, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, tàbí R1, ó wà), grade (bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe burú tó, 3), CA 19-9 (àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀) kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, kẹ́mò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ (ó gbà á, kò gbà á), àtọ̀gbẹ, sìgá (kò mu rí, ó ti fi sílẹ̀, ó ṣì ń mu), BMI, àti irú ẹ̀jẹ̀ (A, B, AB, O).

R kò pariwo, gbogbo rẹ̀ jáde, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ sí èsì náà. HR kẹ́mò (hazard ratio, ewu ikú ẹni tó gbà á sí ti ẹni tí kò gbà á; bó bá wà nísàlẹ̀ 1, ewu kéré) jẹ́ 0.35. HR sìgá wà nísàlẹ̀ 1, bí ẹni pé ẹni tó ń mu ún ń pẹ́ láyé ju ẹni tí kò mu rí. cox.zph (ìdánwò bóyá HR dúró lójú kan bí àkókò ṣe ń lọ) fún grade àti kẹ́mò ní p tó kéré ju 0.05. CA 19-9 ṣófo fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn, coxph sì yọ gbogbo wọn dànù láìbi mí. Ní àfikún, ọ̀gá mi fẹ́ kí àkọlé ìwé náà jẹ́ "Àwọn ohun tó ń fa ewu jẹjẹrẹ pánkíríásì", torí pé àtọ̀gbẹ àti sìgá wà nínú rẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Bàbá_Ìṣirò

Orí kẹ́mò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ba ìyókù jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá 0.35 tilẹ̀ ṣeé ṣe. Nínú CONKO-001, ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Jámánì àti Austria, aláìsàn 368 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n fi kèké pín: apá kan gba gemcitabine (oògùn kẹ́mò kan), wọ́n kàn ń ṣọ́ apá kejì. HR ikú jẹ́ 0.76. Ní ọdún 5, 20.7% ló kù láàyè lápá oògùn, 10.4% lápá kejì. Nínú PRODIGE 24 tó jáde ní 2018, mFOLFIRINOX (àdàlù oògùn kẹ́mò) borí gemcitabine, HR ikú 0.64, median (ìgbà tí ìdajì wọn ti kú) oṣù 54.4 sí 35.0. Ẹ sọ 0.76 di ìlọ́po 0.64, nǹkan bí 0.49 lẹ máa rí, èyí sì jẹ́ ti àwọn tí ara wọn le dáadáa, tí gbogbo wọn gba oògùn tó lágbára jù. Dátà ilé-ìwòsàn kan, tí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ àdàlù, tó wá fún wa ní 0.35, kì í ṣe oògùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni àkókò. Ní ọjọ́ òdo, kò sí ẹni tó tíì gba kẹ́mò. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ló sábà máa ń gbà kí ọgbẹ́ jinná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kú ní ọ̀sẹ̀ 5 kò lè wà lápá "gbà á" láéláé, ẹ ti tì í sápá "kò gbà á". Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 10 yẹn tó fi wà láàyè, kẹ́mò lẹ kà á fún, bẹ́ẹ̀ oògùn kò tíì kan ara rẹ̀. Bí ẹni tó sọ pé oyè jíjẹ ń mú ẹ̀mí gùn ló rí: ẹni tó kú ní ọmọ 20 ọdún kò dúró di ìgbà tí wọ́n máa fi í jẹ.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Àkọ́kọ́ ni landmark. Ẹ mú ọjọ́ 84, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó kú tàbí tí ẹ pàdánù ṣáájú ọjọ́ 84, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó kù, ẹ pín wọn gẹ́gẹ́ bí ipò wọn ṣe rí ní ọjọ́ 84 gan-an: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 90 wà lápá "kò gbà á", ẹ má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀. Aago tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní ọjọ́ 84. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á yọ àwọn tó kú ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n wọ́n á tún fi "gbà á rí" pín àwọn tó kù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 84 tún ti wọlé padà gba ẹ̀yìn nìyẹn. Ẹ sọ ọjọ́ landmark kí ẹ tó wo èsì, kí ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú ọjọ́ 60 àti 100 láti mọ̀ bóyá ìdáhùn ń sá kiri.

Ọ̀nà kejì ni kí kẹ́mò máa yí padà bí àkókò ṣe ń lọ:

d2 <- tmerge(d, d, id = id, iku = event(ojo, status), kemo = tdc(ojo_kemo))
coxph(Surv(tstart, tstop, iku) ~ kemo + ojo_ori + T + N + R1, data = d2)

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 56 tó sì kú ní ọjọ́ 400 á di ìlà méjì: 0 sí 56, kemo = 0; 56 sí 400, kemo = 1. Ẹni tí kò gbà á rárá, ẹ fi ojo_kemo rẹ̀ sílẹ̀ ní NA. Ẹ má fi òdo síbẹ̀ o.

Tí ẹ bá ṣe èyí, HR á sún mọ́ 1 ju bó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì tán. Ẹni tí pánkíríásì rẹ̀ ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí kò lè jẹun, tó ń rù, òun gan-an ni wọn kì í fún ní kẹ́mò. Láìjẹ́ pé ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti performance status (bí ara aláìsàn ṣe le tó) wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìlera lẹ ṣì ń wọ̀n, tí ẹ ń pè é ní oògùn. Tí àwọn yẹn kò bá sí nínú dátà yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí, kí ẹ má sì sọ pé kẹ́mò "mú" nǹkan kan wá.

Dókítà_Abẹ

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti àkókò. Èmi fẹ́ sọ ti ohun tó wà nínú fáìlì, torí ìṣirò kò lè tún dátà tó wọ́ ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣa gbogbo ẹni tó ti lé lọ́dún 5 tó ṣì wà láàyè jáde, kí ẹ bẹ dókítà pathology kó tún gíláàsì wọn wò. Ní Finland, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè sọ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ pánkíríásì tí wọ́n sì pẹ́ tó ọdún 5. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ductal adenocarcinoma (irú jẹjẹrẹ pánkíríásì tó wọ́pọ̀ jù) rárá. Neuroendocrine tumour wà nínú pánkíríásì náà, ṣùgbọ́n àrùn mìíràn ni, ó sì máa ń rọra lọ. Jẹjẹrẹ ampulla (ẹnu ibi tí ọ̀nà òróòro ti wọ ìfun) àti ti ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróòro, iṣẹ́ abẹ Whipple kan náà ni wọ́n ń ṣe fún wọn, torí náà ìwé iṣẹ́ abẹ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn mẹ́wàá péré irú èyí láàárín 200 tó láti fa ìrù Kaplan-Meier yín (ìlà tó ń fi iye tó ṣì wà láàyè hàn) sókè. Tí ẹ bá ń lo ICD-O-3 (kóòdù ibi àti irú jẹjẹrẹ), ẹ jẹ́ kí 8140 àti 8500 dúró, ẹ yọ C25.4, C24.1, àti 8150, 8240, 8246. 8453, èyí tó jáde láti ara IPMN (kókó olómi inú ọ̀nà pánkíríásì), ẹ pinnu kí ẹ tó wo èsì. Ní tèmi, kó dá wà.

Èkejì, ṣé ẹnikẹ́ni gba kẹ́mò ṣáájú iṣẹ́ abẹ? Tí ó bá wà, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù. Ẹni yẹn ti lo oṣù mélòó kan láàyè kó tó dé orí tábìlì, T àti N rẹ̀ sì jẹ́ ti lẹ́yìn oògùn. Bí iye wọn bá kéré, ẹ yọ wọ́n kí ẹ sì sọ ọ́. Bí ó bá pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ aago láti ọjọ́ tí wọ́n rí àrùn náà, kí ẹ sì fi ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ṣe ọjọ́ ìwọlé: Surv(ojo_iwole, ojo, status). Láìsí ọjọ́ ìwọlé yẹn, àwọn tó kú nígbà tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ abẹ kò sí nínú dátà, àwọn tó yè é nìkan lẹ ń kà.

Ìpele T: láti 2018 ni ẹ̀dà 8 ti TNM, ìlànà pípín ìpele jẹjẹrẹ, ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, T1 kò ju 2 cm lọ, T2 wà láàárín 2 sí 4, T3 ju 4 lọ. Nínú ẹ̀dà 7, T3 túmọ̀ sí pé kókó náà ti jáde kúrò nínú pánkíríásì, títóbi rẹ̀ kò kàn án. N2 (lymph node 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ní jẹjẹrẹ) kò tilẹ̀ sí nínú ẹ̀dà 7. Tí dátà yín bá gba orí 2018 kọjá, ẹ má ṣe da T àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Ẹ padà sí mílímítà àti iye lymph node tó wà nínú ìwé pathology, kí ẹ fúnra yín pín wọn lọ́tun. Ẹ tún wo iye lymph node tí wọ́n yẹ̀ wò: N0 tí wọ́n yẹ 5 wò kì í ṣe ẹgbẹ́ N0 tí wọ́n yẹ 20 wò. Ó kéré tán 12 ni ẹ̀dà 8 ń béèrè.

R1 ńkọ́? Nílùú Ọba, tí jẹjẹrẹ bá wà láàárín 1 mm sí etí, R1 ni. Níbòmíràn, ó gbọ́dọ̀ kan etí gan-an kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Bí ilé-ìwòsàn bá yí òfin padà láàárín ọdún, R1 ọdún àkọ́kọ́ àti R1 ọdún ìkẹyìn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ béèrè, kí ẹ sì fi sáà iṣẹ́ abẹ sínú strata (kí sáà kọ̀ọ̀kan ní ìlà ewu tirẹ̀).

CA 19-9 ló máa ń tan àwọn oníṣirò jẹ jù. 37 U/mL ni òkè ìwọ̀n tó dára. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà òróòro bá dí, tí ojú aláìsàn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, CA 19-9 á fò sókè láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Lẹ́yìn stent (ọ̀pá kékeré tó ń ṣí ọ̀nà òróòro), bí bilirubin (ohun inú òróòro tó ń mú ojú pọ́n) bá wálẹ̀, òun náà á wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú èyí tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn tí bilirubin ti balẹ̀. Bí kò bá sí, bilirubin ọjọ́ kan náà gbọ́dọ̀ bá a wọ mọ́dẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan tún wà tí ara wọn kò lè ṣe CA 19-9 rárá, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ Lewis-negative: 5 sí 10% láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwa ọmọ Áfíríkà. Tiwọn á wà nísàlẹ̀ pátápátá, jẹjẹrẹ ìbáà ti gba gbogbo ikùn. Tí ẹ bá fi ìlà tó gùn tààrà gba inú CA 19-9 kọjá, àwọn wọ̀nyí á máa fà á síbi tí kò yẹ.

Akọ̀wé_Àkọsílẹ̀

Ìbéèrè kan péré, Àdùkẹ́: àwọn 60 tó kù, tí kò tíì kú, ọjọ́ wo lẹ fi ṣe ìgbẹ̀yìn wọn?

Mo ń béèrè torí oríṣi àṣìṣe méjì ni mo ń rí nínú irú dátà yìí. Nílùú Ọba, tí wọ́n bá so nọ́ḿbà aláìsàn mọ́ àkọsílẹ̀ ikú ìjọba, ikú á wọlé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ikú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, a lè gbà pé ó wà láàyè títí di ọjọ́ tí wọ́n fa àkọsílẹ̀ náà. Ẹ dín oṣù mélòó kan kúrò, torí ikú tí coroner ń yẹ̀ wò máa ń pẹ́ kó tó wọ ìwé. Gbogbo ẹni tó wà láàyè gba ọjọ́ kan náà yẹn. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ikú wá láti àkọsílẹ̀ ìjọba, kí àwọn alààyè sì gba ọjọ́ tí wọ́n wá sí klíníìkì kẹ́yìn. Ẹni tó kú ní oṣù 40 á hàn ní oṣù 40, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà láàyè tí kò wá sí klíníìkì mọ́ láti oṣù 18 ti kúrò lójú ìlà. Lẹ́yìn oṣù 18, ikú nìkan lẹ ń rí, ìlà Kaplan-Meier á sì já bọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àṣìṣe kejì yí padà sí òdìkejì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nígbà tí dókítà ti sọ pé kò sí nǹkan tó kù láti ṣe, ilé ni wọ́n á padà sí: Èkó, Ìbàdàn, Accra, Lahore. Wọ́n á kú síbẹ̀, ìwé ìlú Ọba kò ní gbọ́. Nínú dátà, ẹni yẹn ń gbé láyé títí láé. Jẹjẹrẹ tó ti padà wá, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ ikú lẹ́yìn ọdún 4, ẹ fura sí i. Ẹ wá gbogbo ẹni tí kò ní ìbẹ̀wò kankan, èsì ẹ̀jẹ̀ kankan, tàbí oògùn GP kankan láti ọdún kan ó lé, kí ẹ fòpin sí ọjọ́ wọn níbi tí ẹ ti rí wọn kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe, kí ẹ kà wọ́n bí ẹni tó kú ní oṣù 3 lẹ́yìn ìbẹ̀wò ìkẹyìn. Tí HR pàtàkì yín bá yí padà gidigidi láàárín méjèèjì, ẹ fi méjèèjì síwájú olùkàwé.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé, ìṣòro yìí ni wọ́n ń bá jà jù, torí kò sí àkọsílẹ̀ ikú tó kárí. Ìbàdàn ní àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti 1960, ṣùgbọ́n mímọ̀ pé àrùn wà yàtọ̀ sí mímọ̀ ọjọ́ tí aláìsàn kú. Nọ́ḿbà fóònù mẹ́ta (ti aláìsàn, ti ọmọ tàbí ìyàwó, ti aládùúgbò tàbí ẹni ìjọ) tí wọ́n gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wúlò ju ìṣirò kíṣirò tó bá dé lẹ́yìn lọ.

Bí ẹ bá ń kọ median follow-up, ẹ lo reverse Kaplan-Meier: ẹ yí status padà, kí alààyè di event, kí ikú di censored (ẹni tí àkókò rẹ̀ kàn gé). Median ọjọ́ gbogbo aláìsàn tí àwọn kan ń kọ síbẹ̀ kì í ṣe follow-up, bí wọ́n ṣe tètè kú ló ń sọ.

Epi_Abẹ́òkúta

Ti ọ̀gá yín ni mo fẹ́ dáhùn. Àkọlé yẹn kò lè dúró. Gbogbo ẹni tó wà nínú dátà yín ló ti ní jẹjẹrẹ. Kò sí ẹni tí kò ní in tí ẹ lè fi wọ́n wé, torí náà dátà yìí kò lè sọ ohunkóhun nípa ohun tó ń fa àrùn náà. Ohun tó lè sọ ni ohun tó ń bá pípẹ́ tàbí àìpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rìn. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀: sìgá ń mú ewu níní jẹjẹrẹ pánkíríásì di nǹkan bí ìlọ́po 2, èyí ti fìdí múlẹ̀, síbẹ̀ ó lè má ṣe nǹkan kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e tán.

Ibi tí HR sìgá tó wà nísàlẹ̀ 1 ti wá náà nìyẹn. Nǹkan bí 15 sí 20% péré nínú àwọn tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn ló ń bọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń mu sìgá, tí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, wọn kò ní gbé e lọ sí tíátà àfi tí gbogbo nǹkan mìíràn bá dára fún un: kókó rẹ̀ kéré, kò fara kan iṣan ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ le. Ẹni tí kò mu sìgá, wọ́n lè gbé e wọ tíátà bí àrùn rẹ̀ tilẹ̀ burú díẹ̀. Àwọn amusìgá tó kù nínú dátà yín jẹ́ àṣàyàn. Kì í ṣe sìgá ló ń dáàbò bò wọ́n.

Àtọ̀gbẹ tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtọ̀gbẹ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń fi kún ewu jẹjẹrẹ yìí. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ tún ń fa àtọ̀gbẹ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2005 láti Minnesota, èèyàn 2,122 tí wọ́n ti tó 50 ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, 18 nínú wọn (0.85%) ni wọ́n rí jẹjẹrẹ pánkíríásì lára wọn láàárín ọdún 3. Ìyẹn ni pé "àtọ̀gbẹ: bẹ́ẹ̀ ni" nínú fáìlì yín da ohun méjì pọ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àtọ̀gbẹ náà, kí ẹ pín in: ó ti ju ọdún 3 lọ ṣáájú jẹjẹrẹ, tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ kò bá sí, ẹ má gbé ìtumọ̀ kankan lé e lórí.

Tí ọ̀gá bá ṣáà fẹ́ sọ̀rọ̀ ewu níní àrùn, ẹ sọ fún un pé case-control ló máa gbà: àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in láti àwùjọ kan náà, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo tó dọ́gba, kí ẹ sì fi logistic regression ka odds ratio. Iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn.

Àdùkẹ́_dátà

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí ọjọ́ kẹ́mò nínú ìwé ilé oògùn. Àmọ́ tmerge kọ̀, ó ní àkókò ìparí gbọ́dọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tún rèé: nígbà tí mo ṣí fáìlì CA 19-9 tí wọ́n fún wa gan-an, mo rí "<2" àti ">10000" nínú rẹ̀. Ṣé àwọn yẹn ló di òfìfo? Ti grade àti cox.zph ńkọ́?

Bàbá_Ìṣirò

Tmerge kọ̀ torí pé ẹnì kan kú lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ sọ ọ́ di 0.5. Ẹ má yọ ọ́ dànù, ikú ni. Ẹ wò bóyá ẹni tí ọjọ́ kẹ́mò rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ tún wà. Àwọn tí Dókítà_Abẹ sọ nìyẹn.

"<2" àti ">10000": bẹ́ẹ̀ ni, as.numeric sọ wọ́n di NA, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ka ìkìlọ̀. Àṣìṣe yìí burú torí àwọn tó wà lórí góńgó méjèèjì ló ń yọ, àwọn tó ga jù àti àwọn tó kéré jù. Ẹ sọ "<2" di 1, ẹ sọ ">10000" di 10000, kí ẹ tó ka iye òfìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ lo log2, kí HR lè jẹ́ ti "nígbà tí CA 19-9 bá di ìlọ́po 2". Ẹ fún un ní spline (ìlà tó lè tẹ̀) tó ní knot 3 nítorí ọ̀rọ̀ Lewis. Ẹ má ṣe wá cutpoint tó "dára jù" nínú dátà yín: ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú gbogbo ibi tí a lè gé títí tí p á fi kéré jù máa ń bá yín rí ìyàtọ̀, ó wà o, kò sí o.

Òfìfo tòótọ́ tó kù, ẹ lo mice, package R tó ń fi ìṣirò dí òfìfo. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé ikú gbọ́dọ̀ wà nínú ìmọ́dẹ́ẹ̀lì òfìfo náà: ẹ fi status síbẹ̀, kí ẹ fi cumulative hazard ti Nelson-Aalen (àròpọ̀ ewu ikú títí di ọjọ́ yẹn) síbẹ̀ dípò ọjọ́ lásán. Function kan wà nínú mice fún un, nelsonaalen(). Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, CA 19-9 tí kọ̀ǹpútà dá kò ní bá ikú tan rárá, HR á sì sún sí 1. Log2 ni kí ẹ fi kún òfìfo, ẹ fi bilirubin náà síbẹ̀. Iye ẹ̀dà: tí 35% bá ṣófo, ẹ ṣe 35. Ẹgbẹ́ "a kò mọ̀" tí àwọn kan ń dá sílẹ̀ bí ìpele kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Lórí cox.zph, ti kẹ́mò lè lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti tún àkókò ṣe. Ikú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wà lápá "kò gbà á" nìkan ló ń jẹ́ kí HR kéré gan-an níbẹ̀rẹ̀ kó sì sún mọ́ 1 lẹ́yìn náà. Ti grade, ẹ ya gíráàfù rẹ̀ kí ẹ tó gba p gbọ́. Bí ìlà náà bá kàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, HR yín jẹ́ ìpíndọ́gba, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ga ní ọdún àkọ́kọ́ tó sì di 1 lẹ́yìn náà, ẹ fi survSplit gé e ní oṣù 12, kí ẹ fún un ní HR méjì. Bí grade kò bá jẹ́ ìbéèrè yín, strata(grade) tó. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ kọ grade:ojo sínú coxph tààrà. R á gbà á, á fún yín ní nọ́ḿbà, ṣùgbọ́n ojo níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ikú aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹ ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè nìyẹn. tt() ni wọ́n ṣe fún irú rẹ̀.

Mo tún ka ohun tó wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì yín. Iye coefficient (nọ́ḿbà tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ní láti wá) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí: ọjọ́ orí 1, akọ tàbí abo 1, T 2, N 2, R 1, grade 2, CA 19-9 1, kẹ́mò 1, àtọ̀gbẹ 1, sìgá 2, BMI 1, ẹ̀jẹ̀ 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18, spline á sọ ọ́ di 19. Tí ẹ bá pín ikú 140 fún un, ikú 7 lé díẹ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ikú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àṣà àtijọ́, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n 7 ti ń fò. Irú ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ lọ: ó ní ohun tó ń ṣe nínú ewu níní àrùn, kò sí ìdí tó fi yẹ kó wà níbí. Sìgá àti BMI tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe fi p < 0.05 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pinnu ẹni tó máa kúrò. Ẹ fi ìmọ̀ ìṣègùn pinnu, kí ẹ sì kọ ìpinnu náà sílẹ̀ kí ẹ tó wo ikú.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn dókítà lo mọ́dẹ́ẹ̀lì náà láti sọ àsọtẹ́lẹ̀, kẹ́mò kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ bí ohun tí a mọ̀ lọ́jọ́ òdo. Ẹ fi package rms ṣe bootstrap 300 (kí ẹ tún dátà ṣà lákọ̀tun nígbà 300), ẹ yọ optimism (àṣejù tó wá torí dátà kan náà) kúrò nínú C-index (bí mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ẹni tó máa tètè kú), kí ẹ ya calibration (bóyá àsọtẹ́lẹ̀ bá òótọ́ mu) ní oṣù 12 àti 24. Má lọ sí oṣù 60, àwọn tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ tó.

Dókítà_Abẹ

Ẹ dákun, ohun kan tí mo gbàgbé lórí kẹ́mò: ẹ gba ọjọ́ ìparí àti iye cycle pẹ̀lú. Ẹni tó gba cycle 1 tó dá a dúró àti ẹni tó parí 6, "gbà á" kan náà ni wọ́n jẹ́ nínú dátà yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi "ó parí 6" ṣe ohun tí a mọ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà láàyè fún nǹkan bí oṣù 6 kí wọ́n tó lè parí rẹ̀, wàhálà tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé lókè á sì tún padà wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ wádìí rẹ̀, landmark tiwọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí cycle 6 parí.